Àkànní, ta lò ń finú hàn níbẹ̀?

Àkànní ọmọ mi,

Mo pè ẹ́ títí, fóònù ń dún, o ò gbé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Ara mi le, àbúrò ẹ ti parí ìdánwò ẹ̀, òrùlé tó ń jò yẹn náà wọ́n ti tún un ṣe. Ìyẹn kọ́ ló jẹ́ kí n kọ̀wé.

Wọ́n ní o ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ẹni tó sọ fún mi ò sọ ọ́ láti bà ẹ́ jẹ́ o, ó ní àwọn akọrin ẹgbẹ́ ẹ ń béèrè ẹ, pé nígbà tí ẹnì kan pàdé ẹ lọ́nà tó bi ẹ́ pé ṣé kò sí o, o kàn ní "a dúpẹ́", o sì yára kọjá. "A dúpẹ́" yẹn gan-an ló já mi láyà. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọwọ́ mi lo ti kọ́ ọ.

Ta lò ń finú hàn níbẹ̀? Mi ò béèrè ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ jọ ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe ẹ ni mò ń béèrè.

Inú ń bí mi, torí ìwọ lo máa ń ka Hébérù 10:25 fún mi láìwòwé nígbà tó o wà ní kékeré, pé ká má kọ ìpéjọpọ̀ ara wa sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, àwa àgbà ti sọ ẹsẹ yẹn di pàṣán, apá ibẹ̀ nìkan la máa ń kà, a kì í dé ibi tó ti ní ká máa gba ara wa níyànjú. Torí kí ọkàn ẹnì kan má baà rẹ̀ lóun nìkan la ṣe ń pàdé, kì í ṣe torí àtika orí èèyàn.

Ọdún tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá ẹ, o ò tíì pé ọmọ ọdún 10. Tíṣà yín ní ṣọ́ọ̀ṣì bi ẹ́ pé kí ló dé tó ò ń sunkún, o fẹ́ lanu báyìí, mo já ẹ léèékánná lẹ́yìn apá. O gbé ẹkún mì, o ní "a dúpẹ́, mà". Inú mi wá ń dùn pé ọmọ mi gbọ́n! Ìtìjú ni mo kọ́ ẹ, Àkànní, mo pè é lọ́gbọ́n. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.

Ìyá àgbà kan nínú ìjọ ló gbà wá. Kò bi wá ní nǹkan kan, ó kàn wá jókòó ti bàbá ẹ, ó bá mi fọ aṣọ, ó lọ, lọ́jọ́ kejì ó tún dé. Ọjọ́ kẹrin ni mo bú sẹ́kún tí mo sọ gbogbo ẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù náà, ọjọ́ 7 tí wọ́n fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe dáadáa jù, ìgbà tí wọ́n lanu ni wọ́n bà á jẹ́. Tó bá jẹ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹnì kan sọ sí ẹ níbẹ̀, sọ fún mi, mi ò ní gbè sẹ́yìn ẹ̀.

Àmọ́ ìwọ náà, ọmọkùnrin kékeré tó o máa ń mú lọ síbi ìdánrawò orin yẹn, ta ló ń mú un lọ báyìí? O rò pé ìwọ nìkan lò ń jìyà àìsí níbẹ̀ ni?

Tí iyèméjì ló ń dà ẹ́ láàmú, gbé e dání lọ. Tọ́másì ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Jésù fara han àwọn ọmọ ẹ̀yìn yòókù lẹ́yìn tó jíǹde, kò sì gbà wọ́n gbọ́, síbẹ̀ wọn ò lé e, ọjọ́ 8 lẹ́yìn náà àárín wọn náà ló wà tí Jésù fi dé. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó o sọ fún. Ọkọ mi, ẹnì kan péré.

Bánábà dìde lọ sí Tásù, ó wá Sọ́ọ̀lù, ẹni tá a wá mọ̀ sí Pọ́ọ̀lù, kiri títí ó fi rí i. Èmi náà lè wọkọ̀. Tí mi ò bá gbóhùn ẹ kó tó di Sátidé, mò ń bọ̀. Mi ò ní bi ẹ́ ní nǹkan kan. Màá kàn jókòó tì ẹ́.

Màmá ẹ