Kí Ẹ Tó Gbé Aṣọ Ìgbéyàwó Yín fún Alágbàfọ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá àwọn ìyàwó tuntun àti àwọn òbí wọn sọ nínú ìwé ìròyìn yín, pàápàá jù lọ àwa tí a wà ní Iléṣà. Ìlú àwọn Òṣómàáló ni ìlú wa, àwọn bàbá wa tí wọ́n ru aṣọ káàkiri tí wọ́n ń tà á láwìn, síbẹ̀ ọwọ́ tí a fi ń mú aṣọ tó níyì jù nínú àpótí wa kò jọ ọwọ́ ọmọ aláṣọ rárá.

Ní ọdún 1998 ni mo ṣe ìgbéyàwó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo gbé gáùn funfun mi lọ fún alágbàfọ̀ kan tó ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aṣọ ìyàwó kó lè pẹ́. Inú páálí ẹlẹ́wà kan ló dá a padà sí, ó fi ọ̀rá wé e tinútẹ̀yìn, ó sì kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ ṣí i. N kò sì ṣí i. Ní oṣù tó kọjá, ọmọbìnrin mi ní gáùn ìyá òun ni òun fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, la bá tú páálí náà. Àbàwọ́n aláwọ̀ ilẹ̀ ti kún iwájú rẹ̀, abíyá rẹ̀ ti di àwọ̀ ìyeyè, ọ̀rá náà sì ti lẹ̀ mọ́ léèsì ọrùn rẹ̀. Ọmọ mi kò sọ nǹkan kan, ó rọra ká aṣọ náà padà ni. Ì bá tilẹ̀ sunkún, ì bá sàn fún mi.

Mo ti wá mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá. Wáìnì funfun, ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ṣúgà ojú kéèkì àti òógùn kì í hàn lára aṣọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ta sí i. Wọn a gbẹ, ojú aṣọ a sì dà bí èyí tó mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, afẹ́fẹ́ á sọ ṣúgà yẹn di àwọ̀ ilẹ̀, bí wọ́n bá sì ti gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e, á wọ inú òwú lọ bí ṣúgà tí a yọ́ lórí iná. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ aṣọ láìlo omi máa ń ká epo àti àtíkè dáadáa, àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ran ṣúgà, omi ló ń yọ ọ́. Alágbàfọ̀ tí kò bá kọ́kọ́ wá irú àbàwọ́n bẹ́ẹ̀ kàn, kó sì fi omi rọra yọ ọ́ kó tó lọ aṣọ, kò tíì tọ́jú nǹkan kan, bó ti wù kí páálí rẹ̀ lẹ́wà tó.

Ẹ bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ni yóò fọ̀ ọ́ àbí Ìbàdàn tàbí Èkó ló ń kó o lọ, kí ẹ lè mọ ẹni tí ẹ ó mú bí nǹkan bá bàjẹ́. Ẹ ní kó kọ́kọ́ dán kẹ́míkà rẹ̀ wò ní eteetí inú aṣọ, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ mìíràn wà tí ń yọ́ nínú rẹ̀, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ òmíràn sì ń tú. Èyí tó ká mi lára jù ni pé kí ó fi aṣọ hàn yín kó tó pa páálí dé. Ẹni tó bá ní kò ṣeé ṣí, ẹ gbé aṣọ yín kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Bébà tí kò ní ásíìdì ló yẹ kó wà láàárín ìṣẹ́po aṣọ. Bébà ìròyìn kò dára fún un, nítorí igi ni wọ́n fi ṣe é, ásíìdì inú rẹ̀ a sì máa sọ aṣọ funfun di pípọ́n. Ọ̀rá kò dára fún un bákan náà, torí pé ó ń sé ọ̀rinrin mọ́ aṣọ, òjò ìlú wa kò sì kéré. Ẹ má ṣe kó ẹtù àti gáùn sínú páálí kan náà, aró èlú lè ràn mọ́ funfun. Ní ti sányán, òwú tí kòkòrò ta ni, kòkòrò mìíràn sì fẹ́ràn láti jẹ ẹ́, nítorí náà ó yẹ kí á máa tú u wò lọ́dọọdún, lábẹ́ ibòòji, kí á sì ká a gba ibòmíràn kó má baà ya lójú ìṣẹ́po.

Alágbàfọ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀ ti bá mi fọ gáùn náà lẹ́ẹ̀mejì. Iwájú rẹ̀ mọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n abíyá kò lọ, aránṣọ sì ti gé apá méjèèjì kúrò, ó fi léèsì tuntun sí i. Inú oṣù Kejìlá ni ọmọ mi yóò wọ̀ ọ́. A ti bá alágbàfọ̀ náà ṣàdéhùn pé ní ọjọ́ Ajé tó bá tẹ̀lé ìgbéyàwó ni gáùn yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àti pé ojú wa ni yóò ti kọ gbogbo àbàwọ́n tó bá rí sínú rìsíìtì.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìsọ̀kùn, Iléṣà.