Ostrava, ìlú tí Baroš ti gbá bọ́ọ̀lù

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ṣé òtútù ò tíì gé ọ létí jẹ? Bí mo ṣe rí i pé Ostrava ní Czech lo ti kọ ọ́, ariwo Baroš ni mo pa! Ìwọ ò sì dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àbí o ti gbàgbé Milan Baroš, agbábọ́ọ̀lù Czech onírun gígùn tí à ń bú nílé ìwòran bọ́ọ̀lù lọ́dún 2008?

Baník, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, ló ti kúrò lọ sí Liverpool. Ní Euro 2004, góòlù 5 ló jẹ, kò sẹ́ni tó jẹ tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló di alárìnkiri: Aston Villa, ó di Lyon. Ní Faransé, ọlọ́pàá mú un níbi tó ti ń fi Ferrari sá eré kìlómítà 271 ní wákàtí kan. Ká ní ó sáré báyẹn lórí pápá, ta ni ì bá mú un?

Lyon ló yá a fún Portsmouth. Ìwọ lo máa ń sọ pé igi lásán ni wọ́n yá wọn. Òótọ́ ni, kò jẹ ẹyọ góòlù kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n rántí Old Trafford, pápá Manchester United, nínú ìdíje FA Cup 2008. Òun ni Kuszczak, aṣọ́lé United, gbé ṣubú, rẹfirí na káàdì pupa, United ò ní aṣọ́lé mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, ni Rio Ferdinand bá wọ ìbọ̀wọ́! Muntari ti Portsmouth gbá pẹnáritì wọlé. Nígbà tí Portsmouth kojú West Brom, bọ́ọ̀lù tí aṣọ́lé lù padà lẹ́sẹ̀ Baroš ni Kanu wa rọra tì sínú àwọ̀n. Wọ́n ní ọwọ́ ni Baroš kọ́kọ́ fi kan án. Rẹfirí ò rí i, èmi náà ò rí i. Kanu tún jẹ ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n fi lu Cardiff gba ife. Nígbà tó ń jáde ní ìṣẹ́jú 87, ta ló wọlé dípò rẹ̀? Baroš tó ti ìlú tí o wà yìí gbéra ni.

Kò pẹ́ tó fi dé Galatasaray, góòlù 20 ló jẹ ní sáà kìíní, òun ló sì gba ipò kìíní nínú àwọn atamátàsé ilẹ̀ Tọ́kì. Igi lásán, àbí? Ó tún gba Antalya, Mladá Boleslav àti Liberec kọjá, Baník náà ló padà sí kó tó fẹ̀yìn tì ní 2020.

Jọ̀ọ́, bá mi ra aṣọ Baník, aláwọ̀ búlúù. Ìwọ̀n mi àtijọ́ náà ni. Rárá, ra èyí tó tóbi díẹ̀, ikùn ti yọ.

Èmi ni,
Àjàní