Lẹ́tà Òpin Sáà Kejì sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

A kí yín kú iṣẹ́ ọmọ, a kí yín kú ìnáwó. Olúwa yóò jẹ́ kí ẹ jèrè wọn.

Ìdánwò ti parí. Káàdì èsì wà lọ́wọ́ olùkọ́ kíláàsì. Ilé Búlúù ló gbégbá orókè níbi eré ìdárayá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìsinmi.

Ó kan ọ̀rọ̀ ₦3,000 tí a fi kún owó ilé-ìwé, láti fi ra àga oníkẹ̀kẹ́ fún ọmọ tí kò lè rìn, àti láti fi ṣe ọ̀nà dàgẹ̀rẹ́ tí àga náà yóò máa gbà gòkè dípò àtẹ̀gùn. Mo gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ lórí WhatsApp àwọn òbí, pé ẹsẹ̀ ọmọ tàwọn dá ṣáṣá, kí ló kan àwọn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an. Ọmọ kan wà ní Pírámárì Kẹrin tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ń gbé wá síléèwé tẹ́lẹ̀. Onínúure kan wá fún un ní àga oníkẹ̀kẹ́, àmọ́ ti àgbàlagbà ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ti aláìsàn ní ọsibítù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ibi ìgbẹ́sẹ̀lé. Ìrọ̀rí méjì ni wọ́n fi há a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà wó, táyà kékeré iwájú sì ń rì sínú iyanrìn ọgbà wa. Kò pẹ́ tí ìdí rẹ̀ fi bó, tó di egbò.

Ìdí nìyẹn tí a kò fi ní ra èyí tí a bá ṣáà ti rí lọ́jà. Láti ọdún 2008 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ fún àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa pé kí wọ́n wọn ẹni tó fẹ́ lo àga oníkẹ̀kẹ́, kí wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, kí wọ́n sì máa tún un ṣe. Ọmọ ń dàgbà. Àga rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a dàgbà. Ó sì ṣeé ṣe nílé níbí: Ayuba Gufwan, tí rọpárọsẹ̀ mú ní kékeré, ló dá ibi tí wọ́n ti ń ṣe kẹ̀kẹ́ aláfọwọ́wà sílẹ̀ ní Jọs.

Àwọn mìíràn ní ọ̀nà dàgẹ̀rẹ́ tí à ń ṣe ti gùn jù, pé à ń fi sìmẹ́ńtì ṣòfò. Bí àtẹ̀gùn bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ọ̀nà rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, kí ọmọ lè fọwọ́ ara rẹ̀ yí táyà gòkè. Tiwa ga ní ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ẹ ṣírò rẹ̀. Òfin tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019 sì fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún péré láti tún ọ̀nà wọn ṣe fún akàndá ẹ̀dá. Ọdún náà ti pé. Ẹ wá wo iṣẹ́ náà fúnra yín; àwọn bíríkìlà wa ṣe bẹbẹ, orí mi wú.

Owó náà kò ní yí padà. Ẹni tí kò bá rọrùn fún, kó wá rí mi kí a tó wọlé, a ó pín in sí méjì. Òbí tó ní kí a gbé ọmọ òun kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́, a kò ní gbé e. Kò sí ohun tó ń ràn níbẹ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọ̀gá Ilé-ìwé