Lẹ́tà sí Ìyá Àgbà: Agégi Inú Òṣùpá ní Hanoi

Ìyá Àgbà mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àárò wa. Mo mọ̀ pé àbúrò mi ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ kí ó rọra kà á. Ọ̀rọ̀ òṣùpá ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ na ìka sí i fún mi ní ẹ̀yìnkùlé yín, tí ẹ ní kí n wo ọkùnrin tó wà nínú rẹ̀, ẹni tó lọ la igi ní ọjọ́ ìsinmi.

Ìyá, àwọn ará Vietnam tí mo ń gbé láàárín wọn náà rí agégi nínú òṣùpá. Cuội ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní ó rí abo ẹkùn kan tó já ewé, tó rún un lẹ́nu, tó sì fi jí àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti kú. Cuội bá hú igi náà, irú igi kan tó dà bí ọ̀dán, ó gbìn ín sí ilé rẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún ìyàwó rẹ̀ pé omi tó mọ́ nìkan ni kí ó máa bù sí i nídìí. Ìyàwó gbàgbé lọ́jọ́ kan, ó da omi ẹlẹ́gbin sí i, ni igi bá fa gbòǹgbò rẹ̀ yọ, ó ń gòkè lọ. Cuội rọ̀ mọ́ gbòǹgbò, igi gbé e dé inú òṣùpá, ibẹ̀ ló jókòó sí títí dòní. Nígbà tí ìyá arúgbó tó ń gbé òdìkejì ilé wa sọ ìtàn yìí fún wa, omi bọ́ lójú mi, nítorí ohùn yín ni mo ń gbọ́. Bà ni ọmọ mi ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbí nìyẹn.

Alẹ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ, nínú kíka oṣù tiwọn, ni wọ́n ń ṣe ọdún òṣùpá náà, Tết Trung Thu. Lẹ́yìn ìkórè ni, ọwọ́ àwọn òbí sì máa ń dilẹ̀ díẹ̀ láti gbọ́ ti àwọn ọmọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní ọdún àwọn ọmọdé.

Mo ṣi ọdún yìí mọ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Hanoi, olú ìlú wọn. Àpótí àkàrà òṣùpá, àkàrà dídùn tí wọ́n ń jẹ nígbà ọdún náà, olówó ńlá tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń ta ara wọn lọ́rẹ, ni mo ń rí, mo sì rò pé ọjà lásán ni gbogbo rẹ̀. Bà ló mú wa lọ sí òpópónà Hàng Mã, níbi tí àtùpà kún ilé ìtajà láti òkè dé ilẹ̀, tí èrò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbé ọmọ sí èjìká. Àwọn àtùpà oníke tó ń fi bátìrì kọrin ló wu ọmọ. Bà kọ̀, ó ra oparun àti ọ̀rá pupa tó ń dán. Nílé, ó la oparun sí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́wàá, ó fi márùn-ún ṣe ìràwọ̀ kan, ó fi márùn-ún yòókù ṣe èkejì, ó so ṣóńṣó wọn pọ̀, ó wá fi igi kéékèèké ti àárín wọn kí inú rẹ̀ lè ṣófo. Ọmọ mi ló lẹ ọ̀rá náà mọ́ ọn. Nígbà tí a tan àbẹ́là sí i, ojú àwọn méjèèjì pọ́n bí osùn.

Ní ọdún 2024, ìjì Yagi jà ní ọjọ́ 7 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, ọdún òṣùpá sì bọ́ sí ọjọ́ 17. Ìjì náà wó igi púpọ̀ ní Hanoi, àgbàrá sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìhà àríwá. Àwọn ará àdúgbò wa fi owó tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ijó kìnnìún ọdún náà ránṣẹ́ sí àwọn tí omi gba ilé wọn. Síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí alẹ́ náà kọjá lórí àwọn ọmọ. Wọ́n tẹ́ ẹní sí ojú ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ilé wa, wọ́n gbé àwo kan síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e fún àwọn baba ńlá wọn: irú àkàrà òṣùpá méjì, bánh nướng tí wọ́n yan àti bánh dẻo funfun tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ṣe, àti ọsàn ńlá bưởi tí wọ́n fi ẹran inú rẹ̀ ṣe ajá onírun, tó ní ẹ̀wà dúdú méjì fún ojú. Bà gé bánh nướng wẹ́wẹ́, pupa ẹyin oníyọ̀ yọ láàárín rẹ̀ bí òṣùpá fúnra rẹ̀. Ilé gíga bo ojú ọ̀run mọ́ wa lára, nítorí náà gbogbo wa gun òkè òrùlé tí wọ́n ń sá aṣọ sí, kí àwọn ọmọ lè rí Cuội.

Ibẹ̀ ni ọmọ mi ti bi mí pé ta ló wà nínú òṣùpá tiwa. Ó dùn mí, Ìyá, nítorí n kò tí ì sọ ọ́ fún un rí. Ìlú ńlá ni mo bí i sí, iná mànàmáná ni mo fi tọ́ ọ, mo sì jẹ́ kí ìtàn yín jókòó sí ọ̀dọ̀ mi nìkan.

Ní ọdún 2026, ọjọ́ 25 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ni ọdún náà yóò bọ́ sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jáde lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nítorí agogo méje alẹ́ wa ni agogo kan ọ̀sán yín. A ó pè yín láti orí òrùlé. Ẹ bá mi sọ ti agégi náà fún ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ohùn tí ẹ fi sọ ọ́ fún mi ni kí ẹ fi sọ ọ́. Bà yóò wà pẹ̀lú wa, ó ní òun fẹ́ gbọ́, èmi yóò sì máa túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Èmi ni, ọmọ ọmọ yín.