Nítorí kréyọ̀n tí o fẹ́ kó fún àwọn ọmọ ilé ìwòsàn

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú làákàyè. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o yí padà: má yọ́ kréyọ̀n àlòkù, ìyẹn ìda aláwọ̀ tí ọmọdé fi ń yàwòrán, nínú kíṣíìnì rẹ kí o wá gbé e lọ fún ilé ìwòsàn. Kó o jọ, ṣà á, kí o fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ní irinṣẹ́ rẹ̀.

Ọmọ tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, ara rẹ̀ kì í sábà lè bá kòkòrò àrùn jà dáadáa. Kréyọ̀n tí ẹlòmíì ti lò kò gbọdọ̀ dé orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bó ṣe wà. Ìda rẹ̀ máa ń yọ́ ní nǹkan bí 50 sí 60 Celsius, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kó yọ́, ọ̀tọ̀ ni kó mọ́. The Crayon Initiative, ẹgbẹ́ tí Bryan Ware dá sílẹ̀ ní California láti máa sọ kréyọ̀n àlòkù di tuntun fún àwọn ọmọ ilé ìwòsàn, máa ń mú tiwọn gbóná dé bí 240 Fahrenheit, ìyẹn nǹkan bí 115 Celsius. Bí ìwọ bá gbé ìkòkò ìda sínú ìkòkò omi, kò lè kọjá 100, torí omi híhó ló ń mú un gbóná. Bí o bá sì gbé e kaná tààrà, ó lè gbiná. Omi kọ́ ni wọ́n fi ń pa irú iná bẹ́ẹ̀ o, ńṣe ni yóò bú sókè. Ọmọrí ni kí o fi dé e.

Onígun mẹ́ta ni wọ́n ń rọ kréyọ̀n tuntun náà. Kì í yí bọ́ láti orí tábìlì, ọwọ́ tí wọ́n so dírípù mọ́ sì rí i dì mú.

Ṣíṣà niṣẹ́ tìrẹ. Ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń fún àwọn ọmọdé ní kréyọ̀n mẹ́ta mẹ́rin ni kí o kọ́kọ́ lọ, torí bí oníbàárà bá ti dìde, inú pàǹtí ló ń lọ, bí ọmọ náà kò tiẹ̀ fà ju ìlà méjì lọ. Gbé ike olómorí sọ́dọ̀ wọn, kí o máa lọ kó o lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá pẹ́ jù, kẹ́ṣọ́ọ̀pù àti ìyókù ànàmọ́ díndín á ti lẹ̀ mọ́ ọn, wàhálà nìyẹn. Èyí tó kéré bí èékánná pàápàá wúlò. Yọ ṣọ́ọ̀kì, àbẹ́là àti oil pastel (ohun ìyàwòrán olóróró tó jọ kréyọ̀n) kúrò. Èyí tí wọ́n kọ washable (ìyẹn, èyí tó ṣeé fi omi fọ̀ kúrò) sí lára, dì í lọ́tọ̀. Kì í fẹ́ pò mọ́ ìda yòókù.

Má bó bébà ara rẹ̀ àfi bí àwọn tó fẹ́ gbà á bá ní kí o bó o. Bí wọ́n bá ní kí o bó o, fi ẹnu ọ̀bẹ fà á gẹ̀rẹ̀, rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí o wá sá a títí yóò fi gbẹ pátápátá. Ẹ̀kán omi kékeré tó bá wọnú ìda gbígbóná, títa ló máa ń ta sókè sí èèyàn lójú.

Odindi kan tó bíi gíráàmù 5, nítorí náà 1,000 á súnmọ́ kílò 5. Fi tẹ́ẹ̀pù dí ìdí páálí náà lẹ́ẹ̀mejì. Má sì fi í sílẹ̀ nínú búùtù ọkọ̀ nígbà ooru, kó má baà di òkìtì kan. Bí o bá ti wọn páálí àkọ́kọ́, kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí mi, kí n mọ iye tí màá fi ṣọwọ́ fún owó ìfiránṣẹ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ