Ìlà tí Wọ́n Fà ní Kọ̀rọ̀

Àdùnní ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé ní Beirut? O ní bàbá onílé rẹ kì í sọ̀rọ̀ ìjọba kó má dárúkọ Sykes àti Picot, àwọn tí wọ́n fi orúkọ wọn pe àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi pín ilẹ̀ Lárúbáwá ní kọ̀rọ̀, pé kí n là á yé ọ.

Aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Sykes, Georges-Picot, tí wọ́n ń pè ní Picot, sì jẹ́ aṣojú ti Faransé. Ogun Àgbáyé Kìíní ṣì ń jó lala, ìjọba Ottoman ti àwọn Tọ́kì tó ni ilẹ̀ yẹn kò tíì ṣubú, tí wọ́n ti tẹ́ máàpù sílẹ̀ tí wọ́n ń pín in. Ní oṣù Kejìlá 1915, Sykes sọ fún àwọn mínísítà ní London pé òun fẹ́ fa ìlà lórí máàpù láti ara “e” inú orúkọ Acre, ìlú etí òkun, títí dé “k” tó gbẹ̀yìn orúkọ Kirkuk, tó wà ní Ìráàkì lónìí. Àdùnní, lẹ́tà orí bébà ni wọ́n fi wọn ilẹ̀ onílẹ̀! Ta ló bi darandaran kan léèrè ibi tí ẹran rẹ̀ ti ń mu omi? Ní oṣù Karùn-ún 1916 wọ́n fẹnu ọ̀rọ̀ jóná. Wọ́n kun ìpín Faransé ní búlúù, Beirut wà nínú rẹ̀. Wọ́n kun ti Gẹ̀ẹ́sì ní pupa, Baghdad àti Basra nìyẹn.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé lásìkò yẹn gan-an, McMahon, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì ní Cairo, ń kọ̀wé sí Sharif Hussein, olórí àwọn Lárúbáwá ní Mẹ́kà. Ó yọ àwọn apá kan sílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó ṣèlérí òmìnira fáwọn Lárúbáwá bí wọ́n bá lè gbógun ti Ottoman. Wọ́n jà, wọ́n kú. Ìgbà táwọn Bolshevik, ìyẹn àwọn Kọ́múníìsì, gbàjọba ní Rọ́ṣíà ni wọ́n tú àṣírí àdéhùn Sykes àti Picot sínú ìwé ìròyìn, ní oṣù Kọkànlá 1917.

Ṣùgbọ́n bá mi sọ fún bàbá pé ààlà òde òní kò tẹ̀ lé ìlà yẹn tán. Abẹ́ Faransé ni wọ́n fi ìlú Mosul sí nínú àdéhùn náà. Ìráàkì ló wà báyìí. Ìpàdé táwọn tó borí ogun ṣe ní San Remo, ní Ítálì, ní 1920 ló fún Faransé láṣẹ lórí Síríà àti Lẹ́bánónì, wọ́n sì fi ìbọn lé Faisal, ọmọ Hussein, kúrò ní Damascus lọ́dún náà.

Mi ò lè ka ọ̀rọ̀ bàbá sí àtijọ́, torí irú rẹ̀ ṣe àwa Yorùbá náà. Àdéhùn Paris ti 1889 ló gbé Kétu fún Faransé, tó fi Ìmẹ̀kọ sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì, Alákétu kan náà ni wọ́n sì ń sìn.

Jọ̀wọ́, bi bàbá bóyá ó ní ẹbí ní Síríà, àti báwọn òbí rẹ̀ ṣe ń lọ kí wọn nígbà náà. Kọ èsì rẹ̀ sí mi ní kíkún.

Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Ṣadé