Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo rí ọ̀rọ̀ tí o kọ ránṣẹ́ sí mi. O ní o ti gbàdúrà fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, ọkàn rẹ sì ti balẹ̀ pé àsìkò tó láti fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀, kí o bẹ̀rẹ̀ tìrẹ. Inú mi dùn sí i. N kò ní sọ pé kí o má ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò rí ẹni bá mi sọ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bàtà, n kò sì fẹ́ kí ìwọ náà fi ojú ara rẹ rí i kí o tó mọ̀ ọ́n.

O rántí ìgbà yẹn. Bàtà mi ń tà. Síbẹ̀, kò pé ọdún méjì tí mo fi ta ẹ̀rọ tí mo fi ń rán bàtà láti san gbèsè. Mo sọ fún gbogbo yín pé àwọn ayé ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, mo tilẹ̀ gbààwẹ̀ lé e lórí. Ìgbà tó pẹ́ ni mo tó jókòó ti àwọn rìsíìtì mi, tí mo rí i pé ọwọ́ ara mi ni mo fi jẹ òwò náà tán.

Wò ó báyìí. Ká ní ohun tí mo fi ṣe bàtà kan, awọ, àtẹ́lẹsẹ̀ àti òwú, jẹ́ 1,000. Màá tà á ní 1,250, màá sì sọ fún ara mi pé mo ti jèrè ìdá 25 nínú 100. Oníbàárà á bẹ̀ mí, ojú á tì mí, màá bá a yọ ìdá 20 kúrò. Ìdá 20 nínú 1,250 jẹ́ 250. Èrè ti tán nìyẹn, n kò sì tíì ka gọ́ọ̀mù, iná, owó ọkọ̀ tí mo wọ̀ lọ ra awọ, àti ọjọ́ méjì tí mo fi jókòó ṣe é. Ẹni náà á dúpẹ́, á ṣàdúrà fún mi, èmi á ṣe àmín, àmọ́ ojú owó ń lọ.

Èyí tí mo tà láwìn tún burú ju ìyẹn lọ. Nínú ìwé, mo ti jèrè. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹni tí mo ra awọ lọ́wọ́ rẹ̀ wá gba owó, ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ni èrè mi wà. Mo yá owó elélé láti fi san án. Òwò lè máa jèrè kó sì kú bẹ́ẹ̀.

Má rò pé mo ti ta ìgbàgbọ́ nù. Jésù fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nínú Lúùkù 14 pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ á kọ́kọ́ jókòó ṣírò iye tí yóò ná an. Pọ́ọ̀lù tó ń wàásù kiri ń pa àgọ́ tà. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Luca Pacioli, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ni. Ní ọdún 1494, ó tẹ ìwé kan jáde ní ìlú Venice, níbi tó ti ṣàlàyé ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ń gbà kọ ìṣirò owó, tí wọ́n ń kọ owó kọ̀ọ̀kan sí ibi méjì, ibi tó ti wá àti ibi tó lọ. Ó ní kí oníṣòwò kọ́kọ́ kọ orúkọ Ọlọ́run sínú ìwé rẹ̀. Mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti mọ̀: orúkọ Ọlọ́run lókè, iye owó nísàlẹ̀.

Obìnrin kan tí mo jù lọ́jọ́ orí ló kọ́ mi ní ìyókù. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi wà lábẹ́ rẹ̀. Ó dùn mí gan-an níbẹ̀rẹ̀, kí ọmọdé máa rán mi níṣẹ́. Kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan awọ kí n tó kọ ohun tí a ná láàárọ̀ yẹn sílẹ̀. Ó dá owó oṣù fún ara rẹ̀, bó bá ti gbà á, kò ní padà sídìí àpótí owó mọ́, ì báà jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ nílò nǹkan. Mo bi í bóyá ọjọ́ tí kò sí owó ló le jù fún un. Ó ní rárá, ọjọ́ tí àpótí bá kún ni.

Nítorí náà, má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Fún 90 ọjọ́, kọ gbogbo owó tó bá wọlé fún ọ àti èyí tó bá jáde, lálaalẹ́, kí o tó gbàdúrà. Bí o bá fo ọjọ́ kan, pè mí, a ó jọ sọ ìdí rẹ̀. Máa wá ẹni tó ń ṣe òwò tí o fẹ́ ṣe, kí o bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí o wá máa ràn án lọ́wọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀.

Mo fi ìwé ìṣirò mi àtijọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Wàá rí ọ̀pọ̀ ojú ewé tó ṣófo nínú rẹ̀. Àwọn oṣù tí ẹ̀rù ń bà mí láti wo òótọ́ lójú ni.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ